Ogún Ẹni Tí Oúnjẹ Eku Sọ Di Olókìkí

Èmi tí gbogbo ilé ìwádìí ń pè ní Màmá Oníná, opó káfíńtà, ìyá ọmọ méjì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ni mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun mi ní òwúrọ̀ yìí, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Dókítà ti kọ ìwé sí i: ó ní òun bi mí ní ọjọ́ àti oṣù tí a wà, mo sì dá òun lóhùn bó ṣe yẹ. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi náà bi òun, tó sì ní láti wo fóònù kó tó dáhùn. Kíndìnrín mi nìkan ló ń di ẹrù. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́bí mi gbìyànjú.

Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí rẹ́. Méjì ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ kún fún irọ́, ti èkejì kún fún ìbínú. Ẹ sun méjèèjì.

Mo yan àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, àti ọmọ mi obìnrin, láti jẹ́ alámójútó ogún mi. Ìdí tí mo fi yan àbúrò mi ni pé ó máa ń ka ìwé sókè ketekete láìfo ìlà kan, ìwà tó ti ń bí gbogbo ẹbí nínú láti kékeré. Ìwà yẹn gan-an ni mo nílò báyìí. Àbúrò mi, ka gbogbo rẹ̀. Tí àkọ́bí mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nígbà tí o bá dé abala karùn-ún, dúró kó wúkọ́ tán, kí o sì tún ibẹ̀ kà.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé nítorí ilé àti dúkìá ni mo ṣe ń da ara mi láàmú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọkùnrin kan wà láyé tí mo bà lórúkọ jẹ́ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba ìyìn lórí ohun tí òun ti kìlọ̀ fún mi pé kò rí bí mo ṣe rò. Mo fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ohun tí ìwé yìí wà fún nìyẹn. Ìyókù, àga, ilé àti ológbò, ẹrù lásán ni.

ABALA KÌÍNÍ. Ilé ńlá tí mo ń gbé yìí, pẹ̀lú àga, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àyàfi èyí tí mo bá dárúkọ lọ́tọ̀, mo fi í fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, lọ́gbọọgba, tí wọ́n bá mú àṣẹ tó wà ní abala keje ṣẹ. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, kí ìdajì tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Àkọ́bí mi jẹ́ awọnlẹ̀, kò sì lè jókòó síbì kan kó má wọ̀n ọ́n. Ní oṣù tó kọjá tó wá kí mi nígbà àìsàn, ó rò pé mo ti sùn lórí àga, ó bá dìde, ó fi ìṣísẹ̀ wọn pálọ̀ láti ògiri dé ògiri. Lẹ́yìn náà ó lọ wọn yàrá tí mo ń sùn. Ọmọ mi, mo gbọ́ bí o ṣe ń kà á. O fo mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n n kò bínú, torí ìwọ náà ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, tí o sì dúró tì mí títí wọ́n fi yọ abẹ́rẹ́. Èèyàn lè fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kó sì tún fẹ́ràn pálọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

ABALA KEJÌ. Àwọn irinṣẹ́ bàbá wọn: ayùn méjì, òòlù mẹ́ta, ìfági tó fi igi dúdú ṣe èèkù rẹ̀, àti tábìlì tó máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ fún àkọ́bí mi, tí kò kan ìṣó kan rí láyé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe pàdé bàbá yín nìyí, torí ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ lódìlódì. Ilé ìwádìí rán an wá sí yàrá iṣẹ́ mi kó wá fi pákó dí fèrèsé, nítorí pé irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, inú òkùnkùn biribiri la ti ń ṣe é, ọ̀sán ganrínganrín náà ni. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ló ń rí ihò kan tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gbà wọlé, lójoojúmọ́ ni mo sì ń bá a wá a. Ọ̀gá Àgbà ilé ìwádìí ní òun kò rí káfíńtà tó ya ọ̀lẹ báyìí rí. Ọ̀lẹ kọ́, ó ń fọgbọ́n ṣe é ni.

Ọdún kẹfà tí a ṣe ìgbéyàwó ni ayùn gé e lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Ọgbẹ́ náà jinná, awọ ibẹ̀ sì dán, ṣùgbọ́n ìka méjì tó kẹ́yìn kò mọ nǹkan kan mọ́. Iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ìka lọ sí ọpọlọ, ti gé. Ọkọ mi á gbé kẹ́tùrù gbígbóná dání, á máa bá mi sọ̀rọ̀, òórùn awọ rẹ̀ tó ń jó ló máa sọ fún un. Dókítà kan ní ká ní sùúrù fún ọdún kan, iṣan náà á hù padà. Dókítà kejì ní ká ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́la. Mo bi àwọn méjèèjì pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọn ò mọ̀. Wọ́n kàn ní irùngbọ̀n ni.

ABALA KẸTA. Ológbò mi, mo fi í fún àbúrò mi, tó kórìíra rẹ̀. Kí ó máa fún un ní ẹja lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó má sì lé e kúrò lórí ìrọ̀rí.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé ó bójú mu kí ẹni tó fi eku jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlógójì máa sin ológbò. Mo ní ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tí o sọ níbi ìsìnkú ọkọ mi, pé ká ní mo dúró sílé tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ni, dípò kí n máa tan iná sí eku lẹ́sẹ̀, ó dùn mí dé egungun. Ọdún mẹ́rìnlá rèé, n kò sọ fún ọ. Mo ti dárí jì ọ́ báyìí. Ológbò náà ni ẹ̀rí.

ABALA KẸRIN. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti rọ bí wọ́n ṣe máa tún di ṣíbí mú. Òun ni mo fún ní àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ti máa bá ìwé iṣẹ́ mi mẹ́tàdínlógún, àtùpà kékeré kan, gíláàsì pupa tí a máa ń fi bo ojú kámẹ́rà, àti àpò ìwé kan tó ní fọ́tò mẹ́rìnlélógún nínú. Fọ́tò wọ̀nyẹn ni ohun ìní mi tó níye lórí jù lọ. Wọn ò dùn ún wò.

Ọmọ mi, nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí pé kí ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́, mo ní mo ń mú kí eku tàn. O sọ ọ́ ní ilé ìwé, wọ́n sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi sáà kan. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké lónìí. Tí iṣan ìmọ̀lára bá gé, ara máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ síbẹ̀ tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Irú èyí tí mo fi gbogbo ayé mi lé kiri ń ṣiṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí: ó ń gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lọ́nà kí tuntun lè rí ibi hù gbà. Tó bá ṣe é níwọ̀n, ọwọ́ á sàn. Tó bá ṣe é láṣejù, á gé èyí tó dáa mọ́ ọn. Inú ara ló sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ojú dókítà kò tó o. Mo wá po oje kan tí a ń fi abẹ́rẹ́ gún sára. Oje náà ní ìmọ́lẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n okùn tíńtín kan dè é mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ́ńsáìmù bá ti gé okùn náà, ibẹ̀ á tàn. Ibi tí kò bá sí iṣẹ́, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Kí dókítà kàn tan àtùpà sí i, kó wò ó, kó mọ̀ bóyá kí òun ní sùúrù ni tàbí kí òun gbé abẹ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìka méjì ni.

ABALA KARÙN-ÚN. Nípa Àwòrán.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ eku kan, tó pupa fòò bí ẹyín iná nínú òkùnkùn. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí, ó ga tó ilẹ̀kùn. Ó ti wà lórí kàlẹ́ńdà, ó ti wà lára báàgì, wọ́n tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára ife tíì kan tí mo ń fi bu oúnjẹ ológbò. Àwòrán yẹn ló sọ mí di ọ̀gá, òun ló kọ́ ilé tí àkọ́bí mi ń wọ̀n. Mo ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níwájú èèyàn jàǹkàn jàǹkàn, mo sì ti gba àtẹ́wọ́ títí ó fi sú etí mi.

Oúnjẹ eku ló ń tàn nínú rẹ̀.

Àbúrò mi, tún ìlà yẹn kà.

Olùtọ́jú ẹranko wa nígbà náà, kò tíì pé ogójì ọdún, síbẹ̀ Bàbá Eléku ni gbogbo wa ń pè é, torí pé gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń kí àwọn eku náà káàárọ̀ láti kéèjì dé kéèjì kó tó kí àwa èèyàn. Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Káàdì tó wà lára kéèjì kọ̀ọ̀kan, òun ló ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: eku yìí, a gé iṣan rẹ̀, eku yìí, a la awọ rẹ̀ nìkan a sì rán an padà, èyí gba oje, èyí kò gbà á. N kò rí i kó ṣi ọ̀kan kọ rí.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀sán ni, ó wá gbálẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn wa. Mo ti tan àtùpà sílẹ̀, mo ń tún kámẹ́rà ṣe. Oúnjẹ eku kan tú sílẹ̀ lára bàtà rẹ̀. Ó dúró, ó wolẹ̀, ó sì ní, Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó, oúnjẹ yìí mà ń tàn o. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbálẹ̀ rẹ̀ kó máa lọ. Ó tún ní òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kan òun, ṣùgbọ́n àwọn eku tí a gé iṣan wọn ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri inú oúnjẹ ni, ọgbẹ́ ni wọ́n sì ń fi ẹnu tí wọ́n fi jẹun lá, ṣé kò ní kó bá ìmọ́lẹ̀ wa. Mo rẹ́rìn-ín. Háà, mo rẹ́rìn-ín o. Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Àgbà níbi oúnjẹ ọ̀sán, òun náà rẹ́rìn-ín. A ní Bàbá Eléku ti di onímọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ó yẹ kí n wo eku tí kò gba oje kí n tó kéde ohunkóhun. Ó yẹ. Ọmọ ọdún kìíní ní ilé ìwé gíga mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ti rẹwà jù. Ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn àlejò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ti rí i. Mo gbé e wálé fi hàn án. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e, ó sì sunkún lójú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ fún gbogbo káfíńtà tó mọ̀ pé ìyàwó òun ti rí ìmọ́lẹ̀ nínú iṣan. Ta ló fẹ́ lọ máa wá eku tí kò gba oje lẹ́yìn ìyẹn?

Àwọn àlejò dé. A pa ilẹ̀kùn dé, a fi eku tó gba oje hàn wọ́n, wọ́n pariwo. Màmá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tí gbogbo wa rò pé kò gbọ́ràn dáadáa, ní òun fẹ́ rí èyí tí kò gba oje. Bàbá Eléku lọ gbé e wá. Ó tàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí ti àwọn yòókù, bóyá ó tiẹ̀ pupa jù wọ́n lọ. Ojú Ọ̀gá Àgbà wà lára mi nínú òkùnkùn, mo mọ̀ bí n kò tiẹ̀ rí i.

Mo ní wọ́n ti da kéèjì pọ̀.

Mo ní "wọ́n." Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń tọ́jú kéèjì. Mo gbọ́ tó rọra gbé kéèjì náà padà lẹ́yìn mi, kò sì já irọ́ mi, torí àwọn àlejò wà níbẹ̀, kò fẹ́ dójú tì mí. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fún un ní ìwé pé kó máa lọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé ó da kéèjì pọ̀. Kò sí ilé ẹranko kan tó tún gbà á síṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀. Ó lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ìṣó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkàn mi kò jẹ́ kí n gbádùn, mo bá mú kóró oúnjẹ eku kan, mo gbé e sábẹ́ àtùpà. Ewé gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ yẹn. Ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, pupa ló máa ń tàn lábẹ́ irú iná tí mo ń lò. Ó tàn ju oje mi lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá tí ọkọ mi kan pákó sí, mo sì fi ọwọ́ lẹ́rán.

Mo pààrọ̀ oúnjẹ wọn sí èyí tí kò ní ewé nínú. Mo tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe, eku mẹ́rìnlélógún, oṣù mẹ́rin. Èyí tí kò gba oje kò tàn. Èyí tí a la awọ rẹ̀ lásán kò tàn. Èyí tí a gé iṣan rẹ̀ tó sì gba oje, ó tàn, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì. Oje mi kò parọ́ rárá. Èmi ni mo parọ́. Mo gbé fọ́tò tuntun náà fún Ọ̀gá Àgbà, ó ní ó dà bí fọ́tò tí wọn kò fọ̀ dáadáa, pé kí n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ síbi tó wà. Mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, orí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ó sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ sára ife.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ọkọ mi ṣe àwáwí. Òótọ́ ni pé n kò lè wò ó lójú kí n ní oúnjẹ ló gbé ọwọ́ lé. Ṣùgbọ́n ó kú, n kò sì sọ ọ́. Mo di ọ̀gá, n kò sọ ọ́. Mo fẹ̀yìntì, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún mi, mo dúró lábẹ́ àwòrán náà, mo jẹ kéèkì. Mo fẹ́ràn ọkọ mi púpọ̀. Mo fẹ́ràn ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pàdé Bàbá Eléku ní gbogbo ọdún yẹn, níbi tí a ti ń tò láti rí dókítà ojú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá, iṣẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti wọ ilé ìwòsàn? Mo ṣe bí ẹni pé fóònù mi ń dún. Fóònù tí mo ti pa.

ABALA KẸFÀ. Ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ńlá, pẹ̀lú ìloro rẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ tó já sí títì, tí àkọ́bí mi ti ń wá ayálégbé fún, mo fi í fún Bàbá Eléku. Kí ó di tirẹ̀ pátápátá, kí ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo ní kí ọmọ mi obìnrin gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bá mi jiyàn lórí àtẹ̀gùn, ó ní àìsàn yìí kò yẹ kí n máa gun òkè, mo ní kó gbé mi ní apá kan kó sì dákẹ́. Yàrá kan ni ọkùnrin náà ń gbé, ó mọ́ tónítóní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi iyọ̀ sí i. Ọmọ mi ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yíjú sí ògiri. Mo ti múra sílẹ̀ kó bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi, ara á tù mí. Ó wá bi mí pé ṣé mo pààrọ̀ oúnjẹ náà lẹ́yìn tí òun lọ. Mo ní mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé ó ṣì tàn. Mo ní ó tàn, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ ẹ̀ wá rí i, oje yẹn dáa nígbà náà! Inú rẹ̀ dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣó, inú ọkùnrin yìí dùn nítorí oje mi. Mo sunkún bí ọmọdé, n kò sì tijú. Ó ní òun á fẹ́ wá wo fọ́tò náà tí kò bá ni mí lára.

ABALA KEJE. Èyí ni àṣẹ tí ogún ilé ńlá so mọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ikú mi, kí àwọn ọmọ mi méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwádìí. Kí wọ́n fún Ọ̀gá Àgbà tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ní abala karùn-ún ìwé yìí, kí wọ́n sì dúró kó kà á tán lójú wọn. Kí wọ́n ní kó já Àwòrán kúrò ní ẹnu ọ̀nà, kó gbé ọ̀kan nínú fọ́tò mẹ́rìnlélógún yẹn síbẹ̀. Kí wọ́n sì gba ìwé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, tí èdìdì ilé ìwádìí wà lára rẹ̀, tó sọ pé Bàbá Eléku kò da kéèjì pọ̀.

Àkọ́bí mi, mo mọ̀ pé o ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi orúkọ mi pe ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́, àti pé o ti sanwó bàbà tí wọ́n máa gbẹ́ orúkọ náà sí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ojú á tì ọ́ ní ọjọ́ yẹn, ojú á tì ọ́ gidigidi. Má sá. Lo bàbà náà fún ohun mìíràn, ó le dáadáa.

ABALA KẸJỌ, tí mo fi kún un nísinsìnyí tí agbẹjọ́rò ti dé. Mo ń kọ ọ́ lójú gbogbo wọn, inki rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Agbẹjọ́rò mi mú akọ̀wé rẹ̀ wá láti jẹ́rìí. Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò wa ló yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, ṣùgbọ́n ó ti lọ kí àna rẹ̀. Bàbá Eléku wà níbí láti òwúrọ̀. Ó ti wo fọ́tò mẹ́rìnlélógún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wò wọ́n, ó tún bọ́ gíláàsì ó wò wọ́n, mo sì ti ka abala kẹfà sí i létí. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ẹlẹ́rìí kan kù, ó ní òun wà ńlẹ̀.

Agbẹjọ́rò sáré dá a dúró. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tí a bá fi nǹkan fún nínú ìwé ìhágún kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Tó bá fọwọ́ sí i, ìwé náà dúró, ṣùgbọ́n ohun tí a fún un ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Eléku ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó wá bi í pé kí ni iṣẹ́ ẹlẹ́rìí gan-an. Agbẹjọ́rò ní kó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi ojú ara òun rí i. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti fi ojú ara òun rí nǹkan kan rí, lọ́dọ̀ màmá yìí kan náà, kò sí ẹni tó ní kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bírò wá.

Mo bẹ̀ ẹ́. Agbẹjọ́rò bẹ̀ ẹ́, ó ní òun lè rí ẹlòmíràn láàárín wákàtí kan. Ọmọ mi obìnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Eléku ní òun ní ibi tí òun ń sùn, pé ọjọ́ orí òun kì í ṣe ti ẹni tó ń wá ilé mọ́, àti pé tí òun bá gba ilé, àwọn èèyàn á ní ilé ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun di òótọ́. Èmi fúnra mi ni mo na bírò sí i.

Nítorí náà, abala kẹfà ti di òfo lábẹ́ òfin, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà kí ẹ lè máa rí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ yín ni ilé kékeré náà máa bọ́ sí, òfin kò sì di ọwọ́ yín.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ni mo fẹ́, èmi ni mo sọ ọ́, kò sí àṣìkọ nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, ní yàrá ìjẹun mi, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí.

Ẹni tó ni ìwé: Màmá Oníná.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé agbẹjọ́rò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí màmá fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bàbá Eléku, olùtọ́jú ilé ẹranko fún ọdún mọ́kànlá. Mo fi ojú mi rí i. N kò da kéèjì kankan pọ̀ rí.